Orúkọ Tí Ọlọ́ládé Sọ Ọmọ Ẹ́ẹ̀lì

Ẹ bá mi dúpẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́ládé, ìyá Jésùfẹ́mi. Àwọn ìyá ìjọ ní kí n kọ ìtàn ẹnì kan sínú ìwé ìkórè ọdún yìí, ẹni tí oore Ọlọ́run hàn lára rẹ̀, mo sì ní kò sí ẹlòmíì. Òun fúnra rẹ̀ ní kí n má kọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló fẹ́ gbọ́ ìtàn ẹni tó ń wẹ arúgbó?" Mo ní kó lọ jókòó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Aṣọ ló ń rán níbẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Ọdún kẹrin rèé tó dé Dagenham nílẹ̀ òyìnbó níbí pẹ̀lú Jésùfẹ́mi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n gba yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Heathway, níbi tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, ife á máa jó lórí tábìlì. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbà ló bá wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú rẹ̀ mọ̀ ọ́n: wàá dé ilé arúgbó láàárọ̀, wàá gbé e dìde, wàá wẹ̀ ẹ́, wàá fún un ní tíì àti oògùn rẹ̀, wàá kọ ohun tó o ṣe sínú fóònù, ó di ilé ẹlòmíì. Físà rẹ̀ so mọ́ ilé iṣẹ́ tó gbà á. Bí wọ́n bá dá a dúró, ọgọ́ta ọjọ́ péré ló ní láti rí ilé iṣẹ́ mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó palẹ̀ ẹrù mọ́. Jésùfẹ́mi sì ti ń múra ìdánwò ńlá tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó kúrò ní iléèwé.

Wọ́n fún un ní màmá òyìnbó kan láti máa tọ́jú ní òpópónà Alibon, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ilé káńsù, èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fi háyà, ni wọ́n ń gbé, ilé bíríkì bíi ti gbogbo ará òpópónà náà. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, bí òjìji ni wọ́n ń rí èèyàn. Rosie Tubbs lorúkọ wọn. Nínú ìwé tí ilé iṣẹ́ kọ nípa wọn, ibì kan wà tí wọ́n ti béèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ kí á máa pe àwọn. "Rosie" ló wà níbẹ̀, kò sí ohun tó tẹ̀ lé e.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú wa tó lè la ẹnu pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórúkọ ṣákálá? Ọlọ́ládé ò lè ṣe é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó tẹ eékún díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Mama." (Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ ń sọ o, èmi ni mò ń sọ ọ́ di Yorùbá.) Nígbà tó ń fún wọn ní tíì, ó tún pè wọ́n ní Mama. Wọ́n gbé ife sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Mi ò bímọ rí. Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ilẹ̀ ò lanu kí Ọlọ́ládé wọlé sí i. Ó rò pé ọ̀wọ̀ lòun ń bù fún èèyàn, ojú ọgbẹ́ ló ń tọwọ́ bọ̀. Màmá sì ti pe ilé iṣẹ́, ìwé ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ dé.

Láti ọjọ́ náà, kò pè wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Á wọlé, á wúkọ́. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ fi ṣíbí lu ife. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé, "Ṣé ewúrẹ́ lò ń pè ni?" Ó ní ó sàn ju kí òun máa pe ìyá ńlá ní Rosie bí ẹni pé àwọn jọ lọ iléèwé.

Ní Tọ́sìdeè kan, Màmá dìde lórí àga, wọn ò rí àpótí kékeré tó wà níwájú ẹsẹ̀ wọn. Ọlọ́ládé rí i láti ilé ìdáná, ó kígbe, "Ẹ dúró! Ẹ rọra!" Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Màmá rò pé ẹni inú tẹlifíṣọ̀n ló ń kígbe mọ́ ẹlòmíì. Wọ́n ṣubú. Ọlọ́run yọ wọ́n, eegun kankan ò ṣẹ́, ọrùn ọwọ́ nìkan ló wú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé iṣẹ́ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sọ òótọ́ wọn: "Obìnrin náà ò pe orúkọ mi rí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé èmi ló ń bá wí?"

Mànéjà tó wà lórí Ọlọ́ládé, ọmọ wa ni, Kúnmi ló ń jẹ́, àmọ́ ibí ni wọ́n bí i sí, kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó pe Ọlọ́ládé sí ọ́fíìsì.

"Anti, o gbọ́dọ̀, sorry, ẹ gbọ́dọ̀ máa pe Rosie ní Rosie."

"Ọmọ mi, ẹnu mi ò gbà á."

"Anti, wọ́n ṣubú! Bí wọ́n bá kú ńkọ́?"

Kúnmi ti ìwé kan sí i níwájú.

"Ìkìlọ̀ kejì rèé," Kúnmi ní. "Tọ́sìdeè tó ń bọ̀, màá wá síbẹ̀ fúnra mi. Bí mi ò bá gbọ́ kẹ́ ẹ pè wọ́n ní orúkọ tó wà nínú ìwé, Anti, ó ti parí nìyẹn. Ọ̀gá tèmi náà ń wò mí."

Ẹ ò rí nǹkan. Nítorí orúkọ ẹyọ kan, ilé fẹ́ tú.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wá sílé mi láti wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Rosie. Èmi ni Màmá. Mo jókòó sórí àga, mo fi aṣọ bo ẹsẹ̀. Jésùfẹ́mi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn bíi tíṣà.

"Wọlé," mo ní.

Ọlọ́ládé wọlé. "Ẹ káàárọ̀, Rosie mà."

"Mummy! Kò sí mà níbẹ̀!"

Ó jáde, ó tún wọlé. "Ẹ káàárọ̀, Rosie." Ṣùgbọ́n eékún rẹ̀ ti kanlẹ̀.

"Mummy, ẹ dìde nílẹ̀ jàre!"

"Eékún mi ló ń ṣe é, kì í ṣe èmi."

Nígbà kẹta, ó dúró gbọn-in, ó di ojú, ó ní "Rosie!" bí ìgbà tí wọ́n ń lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo. Mo fò sókè lórí àga. Jésùfẹ́mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó dìde nílẹ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá ní ká máa lọ, níbo ni màá ti ṣe ìdánwò mi?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́ nínú wa.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, Ọlọ́ládé pinnu láti bi Màmá fúnra wọn. Ó jókòó sórí àpótí níwájú wọn, ó ní, "Ẹ dákun, ṣé ẹ ò ní oyè kankan ni? Nílùú wa, àgbà kì í wà lásán. Bí kò bá ní ti ìlú, á ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ti ẹgbẹ́. Ohun tí èèyàn fi ń pè é ni mò ń wá."

Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. "Oyè? Oyè ló kún ilé wa fọ́fọ́. Ọmọ Ẹ́ẹ̀lì ni mí."

Ọlọ́ládé, tí kì í fi ẹ̀kọ́ Bíbélì ṣeré, ní, "Élì àlùfáà? Bàbá Hófínì àti Fíníhásì?"

Màmá ní rárá, àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe ẹbí àwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwà wọn jọra. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún Ọlọ́ládé, tí òun náà sọ ọ́ fún mi, ni mo ṣe kọ ọ́ yìí. Bí mo bá ṣi oyè ẹnì kan pè, kí ẹbí náà foríjì mí.

Pellingham ni orúkọ ìdílé bàbá wọn. Ẹni àkọ́kọ́ tó lókìkí nínú wọn, irun àgùntàn ló ń tà. Ọba kan fẹ́ lọ jagun lókè òkun, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ò tó, Pellingham yìí yọ̀ǹda mẹ́rin fún un. Mẹ́ta rì. Ojú ti ọba, ló bá fi í jẹ oyè, ó di Báróònù Askwell. Báróònù yìí ni àkàsọ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá nínú oyè wọn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà láyé nígbà tí èèyàn méjì ń du ìtẹ́. Láàárọ̀, ó wà lẹ́yìn ẹni kìíní. Lọ́sàn-án, ó sùn. Nígbà tó jí, ó wà lẹ́yìn ẹni kejì. Ẹni kejì ló wọlé, wọ́n sọ ọ́ di Fáíkáńtì. Èyí tó tún wá lẹ́yìn rẹ̀ kọ́ ilé ńlá kan nítorí kí ọba lè wá sùn níbẹ̀. Ọba ò wá. Ojú tún ti ọba, ló bá sọ ọ́ di Ẹ́ẹ̀lì, Ẹ́ẹ̀lì ti Wrenmoor. Ọlọ́ládé ní ojú tó ń ti àwọn ọba wọ̀nyí ló sọ ìdílé náà di ńlá, Màmá sì ní irọ́ kọ́.

Ẹ gbọ́ èyí tó dùn mọ́ èmi jù. Oyè tuntun kì í lé ti àtijọ́ lọ. Wọ́n á wọ ọ́ lé e lórí ni, bí ẹní wọ agbádá lé bùbá. Báróònù wà lábẹ́, Fáíkáńtì láàárín, Ẹ́ẹ̀lì lókè. Bí bàbá bá ṣì wà láyé, àkọ́bí ọkùnrin á máa fi ti àárín ṣe fáàrí, bí ọmọ tó yá aṣọ bàbá rẹ̀ wọ. Bí bàbá bá kú, á bọ́ sínú ti òkè, orúkọ rẹ̀ á sì tún yí padà. Àwọn àbúrò ò rí èyí jẹ. Ti ọmọbìnrin ni kí wọ́n máa pè é ní Lédì, títí tó fi máa kú, àmọ́ kò lè fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

"Orúkọ ìlú ni bàbá mi ń jẹ́," Màmá ní. "Ìyá mi gan-an, bí wọ́n bá ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, Wrenmoor ni wọ́n ń pè é. 'Wrenmoor, fún mi ní iyọ̀.' Mi ò gbọ́ kí ẹnì kan pè é lórúkọ rí títí wọ́n fi sin ín."

"Kí ló burú níbẹ̀?" Ọlọ́ládé ní. "Ta ni í pe ọba lórúkọ? Ìyàwó wo ló sì ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ?"

"Ohun tó burú ni pé òun náà ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni."

Màmá nìkan ni bàbá wọn bí. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni wọ́n nígbà tí Len Tubbs, ọmọ Dagenham tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to mọ́tò, gbé ọkọ̀ tuntun tí Ẹ́ẹ̀lì rà wá sílé. Ó bi wọ́n ní orúkọ wọn. Wọ́n ní, "Lédì Rosamund Pellingham." Len wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyẹn ti gùn jù, mo gbọ́dọ̀ padà ní aago mẹ́rin. Rosie ló máa jẹ́." Wọ́n fẹ́ra. Ilé tó wà ní Alibon yìí ló kó wọn wá, ibẹ̀ náà ló kú sí ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Bàbá wọn kú láìtún fojú kàn wọ́n. Kò sí ọmọkùnrin, kò sí àbúrò, kò sí ọmọ àbúrò, oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú lọ́jọ́ kan náà. Ilé ńlá yẹn ti di òtẹ́ẹ̀lì.

"Ó kú báyẹn?" Ọlọ́ládé pariwo. "Ní tiwa, ilé ọlọ́mọọba mẹ́rin ni ì bá ti pàdé ní kóòtù kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀!"

Inú rẹ̀ sì ń dùn, torí ó gbà pé òun ti rí ohun tóun ń wá. Ó ní, "Lédì Rosamund! Ẹ̀yin náà ni mo jókòó tì látàárọ̀. Ìyẹn á yọ lẹ́nu mi dáadáa."

Ojú Màmá yí padà. "Rárá. Kì í ṣe ìyẹn."

"Ṣùgbọ́n oyè yín ni."

"Ọjọ́ tí bàbá mi lé mi, orúkọ yẹn ló lò. Ó sọ fún awakọ̀ pé, 'Gbé ọkọ̀ wá, Lédì Rosamund ń lọ.' Len ló fún mi ní orúkọ tí mo fẹ́ràn. O ò fẹ́ pè é. Kò burú."

Ọlọ́ládé dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun kan ò yé mi. Wọ́n ní ìdí tí oyè náà fi kú ni pé bàbá wọn kú láìní akọ iṣu."

"Akọ iṣu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Kò ní iṣu, pàápàá akọ."

Èmi náà rò ó títí. Mo ní bóyá iṣu ni wọ́n fi ń jẹ oyè náà, bí àwa ṣe ń fi obì. Ọlọ́ládé ní ṣùgbọ́n iṣu wà ní Heathway. Jésùfẹ́mi gbé orí kúrò nínú ìwé rẹ̀, ó wo wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Issue," ó ní. "Ọmọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé òfin. Kò ní ọmọkùnrin." Ó tún gbé orí sínú ìwé. Ó ní, "Ọlọ́run mi o. Iṣu."

Bẹ́ẹ̀ la rẹ́rìn-ín, àmọ́ Tọ́sìdeè ń bọ̀, kò sì sí nǹkan lọ́wọ́ wa.

Ó dé. Kúnmi wá ní aago mẹ́wàá, ó gbé fọ́ọ̀mù lé orí itan. Màmá jókòó sórí àga wọn. Ọlọ́ládé dúró láàárín ilé.

"Anti, ẹ pè wọ́n. Lẹ́ẹ̀kan péré."

Ọlọ́ládé wúkọ́.

"Anti Ọlọ́ládé, ẹ jọ̀ọ́. Mo ń bẹ̀ yín. Mi ò fẹ́ kọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí."

Ló bá di Yorùbá lẹ́nu Ọlọ́ládé. "Kúnmi, ṣé ìwọ lọ̀gá mi?"

"Èmi ni, Anti."

"Kí lorúkọ mi nínú ìwé ilé iṣẹ́?"

"Ọlọ́ládé."

"Ó dáa. Pè mí ní Ọlọ́ládé. Yọ Anti kúrò. Lẹ́ẹ̀kan péré."

Kúnmi gbé orí sókè. "Ọlọ́..." Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ọlọ́lá... Anti, mi ò lè ṣe é. Màmá mi á pa mí!"

"Kí lẹ̀ ń sọ?" Màmá béèrè. "Ta ló fẹ́ pa ta?"

Kúnmi ṣàlàyé fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ìtìjú, pé òun ọ̀gá ò lè pe ọmọ iṣẹ́ òun lórúkọ, nítorí ó ju òun lọ. Màmá gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Nígbà náà, kì í ṣe pé kò fẹ́ràn orúkọ tí Len fún mi?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, mà," Ọlọ́ládé ní. "Ó dùn. Ọ̀nà ọ̀fun mi ni kò gbà á."

"Báwo wá ni ẹ ṣe ń gbé ilé kan náà? Bí ọmọbìnrin bá wọlé ọkọ, tí gbogbo ará ilé sì jù ú lọ, kí ló ń pè wọ́n?"

Ọlọ́ládé ní ṣe ni ìyẹn rí bí ìgbà tí ẹnì kan ṣí fèrèsé. Ó ní, "Ó máa sọ wọ́n lórúkọ ni, mà. Ìyàwó ò gbọ́dọ̀ pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, títí kan ọmọ tí wọ́n bí lánàá kó tó wọlé lónìí. Á wo ẹni náà dáadáa, á wá ohun tó dára lára rẹ̀, á fi sọ ọ́ lórúkọ. Adúmáadán. Ìbàdíàrán. Mọ́kànlá ni mo sọ ní ilé ọkọ mi, wọ́n ṣì ń jẹ́ ẹ dòní."

"Ó ti lé ní oṣù kan tó o ti wọ ilé mi," Màmá ní. "Kí ni tèmi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Kí Ọlọ́ládé tó ronú, ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Eyínfúnjowó!"

Kúnmi fi fọ́ọ̀mù bo ojú. "Anti! Eyín àtọwọ́dá ni!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí."

"Kí ló túmọ̀ sí?" Màmá béèrè, ó sì di dandan kí wọ́n sọ fún wọn pé ẹni tí eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ ni. Màmá tọwọ́ bọ ẹnu, wọ́n yọ eyín òkè, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú wọn tí kò ríran. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní, "Ó yẹ kó funfun. Kò tíì pé ọdún méjì." Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí aládùúgbò gbọ́.

Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, wọ́n ní, "Nílé bàbá mi, gbogbo ọmọkùnrin tó bá wá gbé oúnjẹ fún wa, James là ń pè é. Ohun yòówù kí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Bí James kan bá lọ, James mìíràn á dé. Ọgọ́rùn-ún méjì ọdún ni a fi ń sọ àwọn tó ń tọ́jú wa lórúkọ. Kò sẹ́ni tó bi ọ̀kan nínú wọn rí pé kí lo rí lára tiwa." Wọ́n yíjú sí ibi tí Kúnmi wà. "Rosie ti Len ni. Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kọ èyí sí abẹ́ rẹ̀."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́, Anti?" Kúnmi béèrè, tí ó ti gbàgbé àmì ohùn.

Wọ́n kọ ọ́. Ìwé ìkìlọ̀ kejì wá di ohun tí wọ́n kọ "ó ti yanjú" sí lára. Ìdúpẹ́ mi ò mọ síbẹ̀ o. Láti ọjọ́ náà, bí Ọlọ́ládé bá pè láti ilé ìdáná, Màmá á dúró ṣinṣin, torí kò sí ẹni inú tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ́ Eyínfúnjowó. Ọkùnrin ará Ròmáníà tó ń wá tọ́jú wọn ní Sátidé náà ń gbìyànjú, ibi "Ayín" ló ń bá a dé. Wọ́n ti fi ọdún mẹ́ta kún físà Ọlọ́ládé. Jésùfẹ́mi ṣe ìdánwò rẹ̀ tán ní oṣù kẹfà, ó sì yege, títí kan èyí tí kò kàwé sí.

Nígbà ìdúpẹ́ oṣù tó kọjá, Ọlọ́ládé jáde síwájú pẹ̀lú àbẹ́là, ó ní kí ìjọ bá òun gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún ẹnì kan. Wòlíì béèrè orúkọ. Ó ní, "Eyínfúnjowó."

"Ìyá ọkọ rẹ?"

"Rárá, sà."

"Ìdílé wo ló ti wá?"

"Ìdílé Ẹ́ẹ̀lì ti Wrenmoor," Ọlọ́ládé ní. "Alibon ni wọ́n ń gbé."

Wòlíì wò ó díẹ̀, ó mi agogo ọwọ́ rẹ̀, ó gbàdúrà náà bó ṣe rí, oyè, òpópónà àti gbogbo rẹ̀. Gbogbo wa ṣe àmín.